Tírìmù ń ké, ẹ́ńjìnnì ò dìde: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Àtukọ̀Tuntun
Sátidé, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ojú omi mi, agbára ẹṣin 90, four-stroke, ẹnì kan ti lò ó kí n tó rà á. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì tírìmù (ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀) sókè, mò ń gbọ́ mọ́tò rẹ̀ tó ń ké "wùùù", àmọ́ ẹ́ńjìnnì á gòkè díẹ̀, á wá dúró. Tí mo bá fi ọwọ́ tì í, á tún gòkè díẹ̀ sí i. Mo gbé e sókè pátápátá lálẹ́ àná. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti sọ̀ kalẹ̀, pùrópẹ́là ti wọnú omi.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù: mo ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ́ńjìnnì kàn fò sókè fúnra rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra odindi tírìmù tuntun. Owó yẹn ò sí lọ́wọ́. Ṣé kò sí ohun tí mo lè kọ́kọ́ yẹ̀ wò fúnra mi?

SáréOmi
Sátidé, 6:58 àárọ̀

Rà á. Èmi ra tèmi, mo sì ń sùn dáadáa.

BàbáPọ́ǹpù
Sátidé, 8:15 àárọ̀

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. O ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà pẹ̀lú ohun tó o kọ yẹn. Mọ́tò ń ké, ó ń yí, ó túmọ̀ sí pé iná ń débẹ̀. Nítorí náà fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ ná, kọjú sí ọ́ìlì.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ohun tí màá ní kó o ṣe má bàa dà bí àdììtú. Mọ́tò kékeré kan tó ń lo iná 12 fóltì ló wà níbẹ̀, ó ń yí pọ́ǹpù onígíà. Pọ́ǹpù yìí ń fa ọ́ìlì látinú agolo kékeré tó so mọ́ ọn, ó sì ń tì í wọ inú sìlíńdà, ìyẹn páìpù irin tí àwọn ọ̀pá tó ń ti ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Tí mọ́tò bá yí síhìn-ín, ọ́ìlì á lọ sábẹ́ písítìnnì, ìyẹn ìdí ọ̀pá tó ń rìn nínú sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì á gòkè. Tó bá yí sọ́hùn-ún, ọ́ìlì á gba òkè písítìnnì wọlé, ẹ́ńjìnnì á sọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó tóbi, ọ̀pá mẹ́ta ló wà. Méjì kúkúrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ló ń ti ẹ́ńjìnnì fún bíi díígírì 20 àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tá à ń lò nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ìkan gígùn wà láàárín tó ń gbé e dé òkè pátápátá. Àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn ń lo ọ̀pá kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Àwọn fáàfù kéékèèké ló ń sé ọ́ìlì mọ́bi tó wà, tí ẹ́ńjìnnì fi ń dúró síbi tó o gbé e sí.

Wá wo tìrẹ. Ó ń sọ̀ lóru: ọ́ìlì ò dúró lábẹ́ písítìnnì. Ó ń fò sókè tó o bá ń rìn sẹ́yìn: ọ́ìlì ò dúró lókè písítìnnì náà. Ohun tó lè ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò pọ̀, èyí tó sì rọrùn jù nínú wọn ò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Síkúrù ìtúsílẹ̀ ni.

Wo ẹ̀gbẹ́ irin tó di ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó ìdí ọkọ̀. Ihò kan wà níbẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wàá rí orí síkúrù kan nínú tó ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ fún síkúrùdíráfà pẹlẹbẹ. Apá ọ̀tún ló wà lára àwọn kan, apá òsì lára àwọn mìíràn, ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ á sọ. Wọ́n ṣe é kó jẹ́ pé tí báàtìrì bá kú lójú omi, o lè tú u, kó o sì fi ọwọ́ gbé ẹ́ńjìnnì sókè tàbí kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹni tó tà á fún ọ bá ti tú u rí, tí kò sì dì í délẹ̀, ọ́ìlì á kàn máa gba ibẹ̀ yípo padà síbi tó ti wá. Mọ́tò á máa ké, ẹ́ńjìnnì ò ní gbéra. Sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá, kó o wá dì í títí yóò fi dúró. Má fi agbára kún un lẹ́yìn ìyẹn, ojú síkúrù yẹn tètè máa ń jẹ.

Lẹ́yìn náà, yẹ ọ́ìlì wò. Gbé ẹ́ńjìnnì sókè pátápátá, kó o sì fi irin ìdádúró rẹ̀ há a. Má gbẹ́kẹ̀ lé irin yẹn nìkan. Fi okùn tó nípọn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ohun tó lágbára. Ẹṣin 90 four-stroke ń lọ sí bíi kìlógírámù 160, orí rẹ ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kó o tó ṣí ìdérí agolo ọ́ìlì. Ṣí i díẹ̀díẹ̀, má sì ṣí i láé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà nísàlẹ̀, torí ọ́ìlì lè tú jáde lójú ẹ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé etí ihò náà. Kọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí síbí fún wa.

Wáyà-ò-purọ́
Sátidé, 9:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, àmọ́ ẹ má tíì fi iná sílẹ̀ pátápátá. Mọ́tò lè máa ké kó má rí iná tó pé. Báàtìrì tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní bíi 12.6 fóltì. Àtukọ̀Tuntun, gbé mítà sẹ́nu wáyà méjì tó wọ mọ́tò tírìmù, kí ẹlòmíràn máa tẹ bọ́tìnnì. Tó bá já sí 8 tàbí 9 níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé báàtìrì fúnra rẹ̀ ṣì wà ní 12, iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹnu wáyà kan ti dípẹtà, tàbí bóòtù kan ti tú.

Bó o bá sì rí mítà tó ń gbá wáyà mú láti ka áńpù (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá), èyí ni kó o fi sọ́kàn. Mọ́tò ń yí fẹ̀ẹ̀rẹ̀, áńpù kéré, ẹ́ńjìnnì ò gbéra: kò rí nǹkan kan tì, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, tàbí síkúrù wà ní títú, tàbí irin tó so mọ́tò mọ́ pọ́ǹpù ti ṣẹ́. Mọ́tò ń kérora, áńpù ga gan-an, ẹ́ńjìnnì ò gbéra: nǹkan kan ló há.

BàbáPọ́ǹpù
Sátidé, 9:20 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ áńpù yẹn dára, ẹ kọ ọ́ síbì kan. Àmọ́ báàtìrì kì í sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lóru o.

Wáyà-ò-purọ́
Sátidé, 9:22 àárọ̀

Òótọ́ nìyẹn, mi ò jiyàn.

Àtukọ̀Tuntun
Sátidé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti débẹ̀. Mo rí síkúrù náà lápá ọ̀tún, iyọ̀ ti bo ojú rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kí síkúrùdíráfà tó lè wọlé. Ẹ ò ní gbà gbọ́: ó yí fẹ́ẹ̀rẹ́ tó ìdajì ìyípo kan kó tó dúró! Ẹni tó tà á fún mi ò sọ nǹkan kan.

Mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì gòkè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Mo gbé ọkọ̀ sómi, mo rìn sẹ́yìn, kò fò mọ́. Inú mi ti ń dùn. Àmọ́ tó bá ku díẹ̀ kó dé òkè, ìró mọ́tò á yí padà, á fúyẹ́, bí ẹni tó ń fi ìfami fa omi tó ti tán nínú ife, ẹ́ńjìnnì á sì dúró síbẹ̀.

Mo fi irin há a, mo fi okùn so ó, mo ṣí ìdérí. Mi ò rí ọ́ìlì lójú. Mo ki wáyà mímọ́ kan bọ̀ ọ́, ibi tó ti kan ọ́ìlì jìnnà sí etí ihò tó ìka kan. Ó sì funfun. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe àwọ̀ ọ́ìlì kankan. Ó rí bí omi ẹfun, fọ́ọ̀mù sì wà lójú rẹ̀.

Fóltì: báàtìrì 12.5, ẹnu mọ́tò 11.6 nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Wáyà-ò-purọ́
Sátidé, 5:05 ìrọ̀lẹ́

11.6 dára. Mo ti kúrò lójú ọ̀nà yín.

BàbáPọ́ǹpù
Sátidé, 7:30 alẹ́

O ti rí i báyìí. Ọ́ìlì tó funfun bí omi ẹfun, omi ló ti bá a pò. Fọ́ọ̀mù ni afẹ́fẹ́ tí pọ́ǹpù ń fà nítorí pé ọ́ìlì ò tó. Ìdí nìyẹn tí ìró rẹ̀ fi ń yí padà tó bá kù díẹ̀. Bí ọ̀pá ṣe ń yọ jáde, sìlíńdà ń gba ọ́ìlì sí i, agolo ń gbẹ. Ọ́ìlì tó kù nínú agolo ò tó láti parí iṣẹ́ náà.

Afẹ́fẹ́ burú, torí pé afẹ́fẹ́ ń fún mọ́ra bíi kànrìnkàn, ọ́ìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tún burú jù ú lọ, ó ń jẹ pọ́ǹpù àti ojú fáàfù láti inú.

Ibo ni omi gbà wọlé? Lọ́pọ̀ ìgbà, orí sìlíńdà ni, níbi tí ọ̀pá ti ń yọ jáde. Síìlì kan, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ojú ọ̀nà, wà níbẹ̀ tó ń nu ọ̀pá bó ṣe ń padà sínú. Tó bá ti gbó, ọ̀pá á máa gbé omi wọlé lójoojúmọ́ ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà ìdérí agolo náà lè jẹ́ ọ̀nà kejì, ìyẹn rọrùn láti pààrọ̀.

Fífọ̀ rẹ̀: lo sírínjì tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, fa gbogbo ọ́ìlì tó wà nínú agolo jáde. Rọ tuntun sí i dé etí ihò. Dé e. Tú okùn àti irin ìdádúró, sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá, gbé e sókè pátápátá, ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí fọ́ọ̀mù lè lọ, kí mọ́tò náà sì tutù, torí àwọn mọ́tò yìí ò ṣe fún iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Àwọn kan ní ohun kan nínú tó ń gé iná tó bá gbóná jù, wàá rò pé ó ti kú, tó bá tutù á jí. Lẹ́yìn náà, fi irin àti okùn há a padà, ṣí i, rọ ọ́ìlì kún un. Ìgbà kan ò lè mọ́, torí pé èyí tó pọ̀ wà nínú sìlíńdà, kì í ṣe nínú agolo. Ṣe é títí àwọ̀ rẹ̀ á fi rí bí èyí tó wà nínú ìgò.

SáréOmi
Sátidé, 7:41 alẹ́

Tí ọ́ìlì ò bá sí nítòsí, ọ́ìlì búréèkì ń ṣe é. Haidirọ́líìkì kan náà ni.

BàbáPọ́ǹpù
Sátidé, 7:44 alẹ́

RÁRÁ O. SáréOmi, jọ̀ọ́, má ba tírìmù ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ọ́ìlì búréèkì ọkọ̀ ilẹ̀ ò bá rọ́bà inú tírìmù mu rárá. Rọ́bà á wú, á rọ̀, gbogbo síìlì ni wàá pààrọ̀.

Ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá kọ ni kó rọ. Ọ̀pọ̀ ń lo ATF, ọ́ìlì pupa ti gíabọ́ọ̀sì ọkọ̀ aládàáṣiṣẹ́, irú Dexron. Àwọn kan ní ọ́ìlì tírìmù tiwọn lọ́tọ̀. Má pa oríṣi méjì pọ̀.

SáréOmi
Sátidé, 7:50 alẹ́

Ó dáa, ẹ má bínú. Bóyá ìdí tí mo fi ra tuntun nìyẹn 😅

ÌyáỌkọ̀
Àìkú, 10:10 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Tèmi ò ké rárá. Tí mo bá tẹ sókè, mo kàn ń gbọ́ "kẹ́", kò sí nǹkan mìíràn. Tí mo bá tẹ sísàlẹ̀, ó ń sọ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n ti ní kí n ra mọ́tò tírìmù.

Wáyà-ò-purọ́
Àìkú, 10:32 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má ra mọ́tò. Mọ́tò kan náà ló ń yí síhìn-ín tó ń yí sọ́hùn-ún. Tó bá lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò tíì kú. Ìró "kẹ́" yẹn ni rílè (súìṣì tí iná ń gbé) tó ń jẹ́ ìpè, nítorí náà bọ́tìnnì yín náà ò láṣìṣe. Láàárín rílè àti mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ irú tó ní wáyà méjì tó nípọn tó wọ mọ́tò, àwọ̀ sánmọ̀ fún òkè, àwọ̀ ewé fún ìsàlẹ̀ (bó ṣe wà lára ọ̀pọ̀ nìyẹn, ẹ fi ìwé tiyín wò ó), rílè méjì ló wà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ nǹkan kan, rílè méjèèjì so wáyà tiwọn mọ́ ẹnu òdì báàtìrì. Tẹ́ ẹ bá tẹ òkè, rílè òkè nìkan ló máa gbéra, á so wáyà sánmọ̀ mọ́ ẹnu rere. Iná á gba sánmọ̀ wọ mọ́tò, á gba wáyà ewé jáde, á sì gba inú rílè ìsàlẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́ yẹn padà sílé. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣìnà nìyí: kí ẹ́ńjìnnì tó lè gòkè, rílè ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jókòó.

Ẹ fi ẹnu dúdú mítà sí òdì báàtìrì. Kí ẹnì kan tẹ òkè. Ẹ fi ẹnu pupa kan wáyà sánmọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kan wáyà ewé. Ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì fún mi.

ÌyáỌkọ̀
Àìkú, 1:15 ọ̀sán

Sánmọ̀: 12.3. Ewé: 12.3. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé mo ṣì í kà.

Wáyà-ò-purọ́
Àìkú, 1:20 ọ̀sán

Ẹ ò ṣì í kà mà. Iná dé mọ́tò, ó gba inú rẹ̀ kọjá, kò rọ́nà jáde. Rílè òkè tí gbogbo èèyàn máa fẹ̀sùn kàn ò ṣe nǹkan kan. Rílè ÌSÀLẸ̀ ni ojú ìjókòó rẹ̀ ti jó. Tí wáyà sánmọ̀ bá jẹ́ 0 ni, à bá sọ pé rílè òkè ni.

Tí méjèèjì bá jọra, tó sì jẹ́ irú èyí tó ń yọ, ẹ gbé wọn pààrọ̀ ipò. Bí àrùn náà bá ṣí lọ sí apá kejì, ẹ̀rí ti dé.

ÌyáỌkọ̀
Àìkú, 2:40 ọ̀sán

Mo pààrọ̀ ipò wọn. Ó ń gòkè báyìí, kò sọ̀ mọ́!!! Mi ò tíì rí ìgbà tí inú mi dùn pé nǹkan bàjẹ́ rí. Rílè kan péré ni mo máa rà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹni ràn yín lọ́wọ́.

AlágbèékáOmi
Àìkú, 3:05 ọ̀sán

Tèmi ni pé bọ́tìnnì ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, èyí tó wà lórí ọwọ́ ìfúnná (ọwọ́ tí mo fi ń darí eré ọkọ̀) ò ṣiṣẹ́. Ìgbà míì sì wà tó ń ṣiṣẹ́ tí mo bá ti ọwọ́ náà síwájú.

Wáyà-ò-purọ́
Àìkú, 3:11 ọ̀sán

Wáyà ti já nínú ọ̀rùn ọwọ́ ìfúnná, níbi tó ti ń ṣẹ́po nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá tì í. Awọ ara rẹ̀ lè wà lódindi kí bàbà inú ti ṣẹ́. Ẹ tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fà á wò jẹ́jẹ́. Èyí tó bá nà bíi rọ́bà ló ti já.

Àtukọ̀Tuntun
Ọjọ́rú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kíní, èyí tó jáde dà bí omi ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó pọ́n díẹ̀, ó ṣì ṣú. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbé sírínjì sójú oòrùn, mo rí ìka mi ní òdìkejì, pupa fòò. Ẹ́ńjìnnì ń dé òkè láìdúró, ìró mọ́tò sì dọ́gba látìsàlẹ̀ dókè.

Àmọ́ ó ṣì ń sọ̀. Kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sára bẹ́líìtì kan tí mo so mọ́ ọn, mo sì wọn ọ̀pá gígùn náà. Láti aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀, ó fi sẹ̀ńtímítà mẹ́rin padà sínú. Ọ́ìlì inú agolo ò dín, ojú omi ò sì ní ọ́ìlì tó ń dán.

BàbáPọ́ǹpù
Ọjọ́rú, 8:00 alẹ́

Wíwọ̀n tó o wọ̀n ọ́n yẹn dára ju ẹnu lásán lọ. Ohun tó o sọ kẹ́yìn náà ló ṣe pàtàkì jù: ọ́ìlì ò dín, kò sì sí lójú omi. Kò jò síta nìyẹn. Inú ló ti ń jò, ó ń kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó ń padà sínú agolo.

Ibi mẹ́ta ló lè jẹ́. Rọ́bà O-ring, ìyẹn rọ́bà roboto tó wà lára síkúrù ìtúsílẹ̀. Fáàfù tó ń sé ọ́ìlì lẹ́yìn pọ́ǹpù, tí ìdọ̀tí kékeré lè há sí lójú. Písítìnnì ọ̀pá gígùn fúnra rẹ̀, tó ní rọ́bà, tó tún ní àwọn fáàfù bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè fò sókè tí ìdí rẹ̀ bá gbá igi lábẹ́ omi. Bẹ̀rẹ̀ látorí síkúrù, torí pé ìwọ fúnra ẹ ti sọ pé ó pẹ́ tó ti wà ní títú. Rọ́bà tó bá wà ní títú bẹ́ẹ̀, iyanrìn á ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó o bá sì dì í mọ́ iyanrìn...

Ẹ́ńjìnnì sókè, irin, okùn. Irin àti okùn ni kó gbé gbogbo ìwúwo náà, kó má ku nǹkan kan fún ọ́ìlì, torí bó o bá ṣe ń tú síkúrù náà lagbára ọ́ìlì á máa lọ. Gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ kó o rí i pé kò mì kó o tó bẹ̀rẹ̀. Wọ gíláàsì ojú. Fọ ẹnu ihò náà mọ́ kó o tó tú u. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, rínǹgì kékeré kan wà tó ń dá síkúrù yẹn dúró kó má bàa yọ tán, yọ ọ́ kọ́kọ́.

Àtukọ̀Tuntun
Sátidé, 11:30 àárọ̀

Mo ti yọ ọ́. Síkúrù náà ò gùn ju oríkèé ìka kan àtààbọ̀ lọ, rọ́bà méjì ló wà lára rẹ̀. Èyí tó wà lápá òde dára. Èyí tó wà lápá inú, mo kọ́kọ́ rò pé kò ní nǹkan kan. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ yípo, ibì kan gba èékánná mi wọlé. Mo gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì: ó gé ní gígẹ̀rẹ́, kò já tán, bí ìgbà téèyàn fi abẹ rẹ́ ẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó gé, ihà rẹ̀ kan ti pẹlẹbẹ, kò rí roboto mọ́. Mo rí iyanrìn kan ṣoṣo nínú ojú ihò tó jókòó sí. Ẹyọ kan!

Mo ra rọ́bà tó bá a dọ́gba, mo fi ọ́ìlì tírìmù pa á lára kí n tó fi sí i, mo dì í, mo rọ ọ́ìlì díẹ̀ kún un, mo gbé e lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀márùn-ún. Màá wọn ọ̀pá lọ́la ní àkókò kan náà.

Àtukọ̀Tuntun
Àìkú, 11:45 àárọ̀

Wákàtí mẹ́rìnlélógún. Àmì wà níbi tó wà. Kò fi ìwọ̀n irun kan sọ̀.

BàbáPọ́ǹpù
Àìkú, 12:10 ọ̀sán

O kú iṣẹ́, o káre. Àmọ́ rọ́bà yẹn kọ́ ló gbé omi wọlé. Síìlì orí sìlíńdà ńkọ́?

Àtukọ̀Tuntun
Àìkú, 12:14 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbádùn ọkọ̀ náà díẹ̀ ná, bàbá 🙏

BàbáPọ́ǹpù
Àìkú, 12:15 ọ̀sán

Hmm.

Àtukọ̀Tuntun
Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́bọ̀, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti padà dé o. Kẹ́ ẹ má tíì bú mi. Mo ṣí ìdérí lónìí, ọ́ìlì ti ń ṣú, funfun díẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Kò tíì dà bí omi ẹfun, àmọ́ mo mọ ibi tó ń lọ.

Mo wo àwọn ọ̀pá náà dáadáa. Méjì kúkúrú yẹn, àwọn ìkarawun wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ti hù sára ìkan nínú wọn. Mo fi èékánná fa ojú rẹ̀, ó ń kọ́ mi léèékánná níbì kan.

BàbáPọ́ǹpù
Ọjọ́bọ̀, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Mi ò bú ẹ. Gbogbo wa la ti ṣe é rí.

Ìkarawun yẹn gan-an ló jẹ síìlì. Ó ń hù sára ọ̀pá nígbà tó bá yọ síta lójú omi. Lọ́jọ́ tó o bá wá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ọ̀pá á fà á kọjá lẹ́nu síìlì bí ayùn. Tó o bá ti gbé ẹ́ńjìnnì sókè tó o sì ti fi irin há a, tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí àwọn ọ̀pá kúkúrú padà sínú ilé wọn. Irin ni yóò gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ọ̀pá á sì wà nínú, níbi tí ìkarawun àti iyọ̀ ò ti lè rí i. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ́ńjìnnì ló kọ ọ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Pípààrọ̀ síìlì: ìdérí orí sìlíńdà ní ihò kéékèèké lójú. Irinṣẹ́ tó ní eyín méjì tàbí mẹ́rin tó wọ ihò náà ni kó o fi tú u. Má fi òòlù àti irin olójú mímú gbá a yípo bí mo ṣe ń rí àwọn kan ń ṣe. Ojú ihò á fẹ̀, ìdérí á sì bàjẹ́ kó tó tú. Tó bá ti dípẹtà mọ́ra, fi ọ́ìlì atúpẹtà sí i mọ́jú, kó o sì tún gbìyànjú. Èyí tó ń kọ́ èékánná: tó bá jẹ́ ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn, á kúrò pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ. Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀pá ló ti jẹ ihò, ọ̀pá tuntun ni o, torí á tún gé síìlì tuntun náà.

Àtukọ̀Tuntun
Àìkú, 4:00 ìrọ̀lẹ́

Ìdọ̀tí ni, kì í ṣe ihò! Ike pẹlẹbẹ kó o kúrò, ọ̀pá ń dán. Ìdérí kan tú lójú ẹsẹ̀, ìkejì gba òru méjì pẹ̀lú ọ́ìlì atúpẹtà. Ètè síìlì tí mo yọ ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí etí aṣọ tó ti gbó. Mo ti fi tuntun sí méjèèjì, mo ti fọ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti mọ́. Ẹ́ńjìnnì wà lókè báyìí lórí irin, mo sì ti tẹ ìsàlẹ̀ díẹ̀, ọ̀pá kúkúrú méjèèjì ti wọlé.

SáréOmi
Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, tírìmù mi àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ níbí, èyí tí mo yọ. Ibo ni síkúrù ìtúsílẹ̀ yẹn wà lára rẹ̀?

BàbáPọ́ǹpù
Àìkú, 4:31 ìrọ̀lẹ́

Ya fọ́tò rẹ̀, kó o gbé e síbí. Mi ò ní rẹ́rìn-ín.